Àmù Ìyá Àgbà àti Kóró Amọ̀ Ojú Fèrèsé Mi

Iṣẹ́ òru ni mo ti dé. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni, nínú oṣù January, ìta ṣì ṣókùnkùn bí ẹni pé ilẹ̀ ò fẹ́ mọ́ rárá. Mi ò tíì bọ́ kóòtù tí mo fi rí i pé ewéko peace lily tó wà lójú fèrèsé pálọ̀ ti dojú kọlẹ̀, gbogbo ewé rẹ̀ rọ̀ sórí etí ìkòkò bí aṣọ tí òjò pa lórí okùn. Bẹ́ẹ̀ omi ò tán nídìí rẹ̀ o. Ìkòkò gíláàsì ni, mo ń rí omi náà kedere, ó tó ìka mẹ́ta. Mo di igi rẹ̀ mú pé kí n gbé e wò, ló bá bá ọwọ́ mi wá wẹ́rẹ́, kò sí ohun tó dì í mú nísàlẹ̀. Gbòǹgbò tó funfun nini ní October ti pọ́n bíi tíì, ó ń yọ̀. Mo fi ìka méjì fà á, awọ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ku fọ́nrán kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún fùfú, tó wá gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilé, mọ òórùn tó gba pálọ̀ mi kan láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mẹ́rin nínú fúláwà mẹ́sàn-án tí mo ní ló kú ní wíńtà yẹn. Mo ti lo wíńtà mẹ́ta báyìí pẹ̀lú fúláwà tí mo gbìn sínú kóró amọ̀ sísun dípò erùpẹ̀, ohun tí àwọn tó ń tà á ń pè ní LECA, mi ò sì pàdánù wọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan péré ló kú, èyí náà, ọmọ mi ló gbá bọ́ọ̀lù lù ú.

Fúláwà ni mò ń pè é nítorí bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ti ní ewé tí wọ́n gbé sínú ilé, fúláwà ni, ì báà yọ òdòdó, ì báà má yọ. Ìlú Manchester ni mò ń gbé, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ni kò ní bá ẹni tó wà ní Ìbàdàn mu. Ẹni tó wà níbi tí òtútù ti ń mú ló ni ọ̀rọ̀.

Kantíkantí ló lé mi dé ìdí kóró amọ̀. Inú erùpẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbin gbogbo wọn sí, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tí kì í gbẹ tán, nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò dúdú tíntìntín kan tó jọ kantíkantí máa ń yé sí. Ìdin wọn á wà nínú erùpẹ̀ tó wà lókè, àwọn tó ti dàgbà á máa fò kiri ojú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń bọ́ sínú tíì, wọ́n ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì, fúláwà tàbí òun. Àwàdà ló ń ṣe, àmọ́ mo rò ó díẹ̀ kí n tó dáhùn.

Obìnrin ará Jámánì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ní kí n da erùpẹ̀ nù. Ó ní ní ìlú àwọn, báńkì àti ọ́fíìsì ti ń gbin fúláwà sínú kóró amọ̀ láti ìgbà tí òun wà lọ́mọdé, Hydrokultur ni wọ́n ń pè é. Ó mú ẹ̀kún ọwọ́ kan wá fún mi nínú ọ̀rá, pẹ̀lú fúláwà kan tó ti ń hù nínú rẹ̀. Kóró náà fúyẹ́ lọ́wọ́, wọ́n rí roboto, àwọ̀ wọn jọ ti ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Mo fi ọmọ odó fọ́ ọ̀kan lórí pátákó tí mo fi ń gé ẹran. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ dúdú, ihò wẹẹrẹ kún inú bí inú búrẹ́dì. Amọ̀ ni wọ́n ń jù sínú ààrò gbọọrọ kan tó ń yí, ooru ibẹ̀ tó nǹkan bí dìgírì 1,200, atẹ́gùn tó ń hó nínú amọ̀ á sì wú u bí òróró gbígbóná ṣe ń wú àkàrà. Tí ẹ bá dà á sínú ìkòkò, tí ẹ bu omi sí ìsàlẹ̀, kóró tó wà nísàlẹ̀ á fa omi, á gbé e fún tòkè rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn á sì jẹ́ kí gbòǹgbò mí. Oúnjẹ kankan kò sí nínú rẹ̀ fún ewéko o, àfi èyí tí ẹ bá pò mọ́ omi. Kò sí ohun tí kantíkantí máa jẹ níbẹ̀ náà.

Mo ra àpò lítà 10. Wọ́n ní kí a fọ̀ ọ́ dáadáa kí a sì rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, mo sì fọ̀ ọ́, inú sínkì kíṣìnì ni mo ti fọ̀ ọ́. Eruku amọ̀ tó wà lára rẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, omi pupa ṣáá ló ń ṣàn lọ. Nígbà tó di alẹ́, sínkì ò gba omi mọ́. Ẹrẹ̀ ti di páìpù. Owó tí púlọ́ńbà gbà lọ́wọ́ mi tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo fi ra àpò náà. Garawa ni mo ń lò báyìí, ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń fọ̀ ọ́, orí koríko ni mo sì ń da omi rẹ̀ sí.

Fífọ gbòǹgbò ló tún gba sùúrù. Monstera mi ló tóbi jù nínú wọn, èyí tí gbogbo àlejò tó bá wọlé máa ń wò tí wọ́n á ní, “Ṣé kókò lo gbìn sínú pálọ̀ ni?” Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ẹbí kan náà ni òun àti kókò. Mo gbé e sínú ọpọ́n ìwẹ̀, mo da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, mo jókòó tì í, mò ń fi ìka tú erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú irun ọmọdé. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ibi tó le. Ó gbà mí tó wákàtí méjì. Ìdí tí mo fi ń ṣe wàhálà yẹn ni pé erùpẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, ṣe ló máa jẹrà nínú omi, á sì kó gbòǹgbò ràn. Gbòǹgbò tó hù nínú erùpẹ̀ kì í sábà pẹ́ nínú kóró amọ̀ náà. Púpọ̀ nínú wọn á kú, fúláwà á wá ta òmíràn tó funfun, tó sì ki díẹ̀, tí omi mọ́ lára. Kí tuntun yẹn tó jáde, ẹ má jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ kan gbòǹgbò rárá. Ẹ jẹ́ kó máa wá omi bọ̀ wá sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Obìnrin ará Jámánì yẹn sọ fún mi pé ìgbà ìrúwé ni kí n ṣe iṣẹ́ yìí, láti March lọ. Òpin September ni mo ṣe é. Kantíkantí ti sú mi, mi ò lè dúró di March. Ní October gbòǹgbò tuntun jáde, mo ń ya fọ́tò, mò ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́, mo ti di ọ̀gá.

Ní June, omi tó wà nísàlẹ̀ kì í pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń tán lára fúláwà tí obìnrin yẹn kọ́kọ́ fún mi. Ní December, mo bu omi sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, omi ṣì wà níbi tó wà. Ó yẹ kí ìyẹn ti sọ ohun kan fún mi. Ọjọ́ tó kúrú jù níbí kò pé wákàtí 8, oòrùn ò ní yọ tó aago mẹ́jọ àárọ̀, á sì ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán. Ní Ọ̀fà tí mo ti wá, ọjọ́ tó kúrú jù nínú ọdún ṣì ju wákàtí 11 lọ. Fúláwà tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kò ní jẹun, èyí tí kò jẹun kò ní mu omi. Èmi ń fún un ní oúnjẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò gan-an. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo bu omi kún un. Omi ẹ̀rọ láàárọ̀ January ni mo bù, tó tutù débi pé ó ń ta mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé ọjọ́ tí peace lily kú ni mo pe màámi. Mo kí wọn, mo rojọ́ fún wọn.

Wọ́n ní, “Ṣé òkú fúláwà lò ń sunkún rẹ̀ láti ìlú òyìnbó?”

Mo ní, “Màámi, ẹ dákun, owó ni mo fi rà á. Mi ò mọ ohun tó ṣe é. Hítà ń ṣiṣẹ́, ilé gbóná, àmọ́ tí mo bá ki ọwọ́ bọ inú amọ̀ yẹn, ó tutù bíi yìnyín.”

“Amọ̀ lo da omi sí, o wá ń retí pé kó gbóná? Ìwọ tó jẹ́ pé ìwọ lò ń pọn omi sínú àmù ìyá àgbà?”

Mo dákẹ́. Àmù náà wà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n rì í mọ́ iyanrìn, abọ́ tánganran ni wọ́n fi dé e. Dàda ní Ìlọrin ni wọ́n ti rà á, ibi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò títí dòní. Ara rẹ̀ máa ń làágùn. Omi ń gba inú amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́, bó ṣe ń gbẹ ẹ́ ló ń kó ooru lọ, omi inú àmù á sì tutù láìsí fíríìjì. Àsìkò ọyẹ́ ló burú jù. Atẹ́gùn ọyẹ́ gbẹ, ó ń fa omi kúrò lára àmù kíákíá, omi inú rẹ̀ á wá máa kan eyín. Ìyá àgbà kì í jẹ́ ká mu ún láàárọ̀ ọyẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n fi omi gbígbóná là á.

Pálọ̀ mi ní January, ọyẹ́ ni. Hítà ń mú ilé gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ atẹ́gùn, ètè wa ń bó, ara àwọn ọmọ ń funfun. Mo wá to ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmù kéékèèké sójú fèrèsé nínú ọyẹ́, mo ní kí fúláwà tó wá láti inú igbó ilẹ̀ olóoru ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ooru, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ inú ẹran sísun. Ní aago mọ́kànlá òru, àárín pálọ̀ jẹ́ dìgírì 19. Ojú fèrèsé jẹ́ 12. Mo ki í bọ inú kóró amọ̀, ó jẹ́ 10. Ìgbà yẹn ni mo tún rí ohun mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi rẹ́rìn-ín. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń fa kọ́tìnnì kí òtútù má bàa wọlé. Àwọn fúláwà wà láàárín kọ́tìnnì àti gíláàsì. Mo ti ń tilẹ̀kùn mọ́ wọn síta lálaalẹ́, tìfẹ́tìfẹ́.

Gbòǹgbò tí òtútù mú kò lè fa omi dáadáa, ì báà wà nínú odò. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ̀ nígbà tí omi wà nísàlẹ̀, omi tí mo sì ń bù sí i ló ń mú kí gbòǹgbò náà rà.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo kó gbogbo wọn kúrò lójú fèrèsé. Mo gbé wọn sórí àpótí ìjókòó, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí gíláàsì, mo sì fi fóòmù funfun tí wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n wá tẹ́ ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbé wọn sórí hítà, nítorí ìyẹn á sun gbòǹgbò láti ìsàlẹ̀, á sì tún mú kí omi máa gbẹ lójú kan. Mo dín omi kù. Láti November, omi ìsàlẹ̀ kì í ju ìka kan lọ, mo sì ń jẹ́ kó tán, kí n dúró ọjọ́ méjì mẹ́ta kí n tó bu òmíràn. Omi tí mo bá fẹ́ lò lọ́la, alẹ́ òní ni mò ń bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì, kíṣìnì ló máa sùn. Oúnjẹ rẹ̀ náà, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Dìgírì tí mò ń rí nínú kóró amọ̀ báyìí kì í wálẹ̀ ju 16 lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí mú mi rántí omi. Ìwọ̀n oúnjẹ tí mo kọ́kọ́ ń lò, àǹtí mi tó ń gbé ní Peckham, ní London, ló fún mi. Ti wọn ń ṣe dáadáa, tèmi ń yọ ewé tuntun tí etí rẹ̀ ti jó, tó ká kò. Kò yé mi àfi ìgbà tí mo lọ kí wọn, tí mo ṣí kẹ́tù wọn. Inú rẹ̀ funfun, ó ti dì bí ẹfun. Omi London kún fún ẹfun inú àpáta tó gbà kọjá, tiwa kò ní in. Láti adágún Thirlmere, ní òkè lọ́hùn-ún ní Cumbria, ni wọ́n ti ń fa omi wá sí Manchester láti ọdún 1894, omi òjò orí òkè ni, ó rọ̀, ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ wàrà. Ó dára fún aṣọ fífọ̀. Fún ewéko tí amọ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú, omi yẹn kò kó kálísíọ́mù tó pọ̀ tó wá fún un. Mo wá ra ìgò kékeré kan tó ní kálísíọ́mù àti magnesium, mò ń ro díẹ̀ sí i kí n tó fi oúnjẹ sí i. Ewé mẹ́ta tí Monstera yọ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí èyí tó jó. Ìṣòro ti àǹtí mi yàtọ̀. Ẹfun ń gun orí kóró amọ̀ wọn, ó funfun bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i, wọ́n ní láti máa gbé ìkòkò sábẹ́ omi ẹ̀rọ kí omi fọ̀ ọ́ kọjá. Èmi náà ń ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí oúnjẹ tí fúláwà kò jẹ ní wíńtà ń kó jọ síbẹ̀, ó sì ń jó gbòǹgbò.

Iná ni mo fi owó sí kẹ́yìn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ń tan àwọ̀ àlùkò. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí aládùúgbò wa òdìkejì títì fi rọra bi mí léèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín, bóyá igbó ni mò ń gbìn. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí funfun lọ́jọ́ kejì. Mo gbé e kọ́ sókè wọn, kò ga jù, táímà ń tàn án ní aago méje àárọ̀, ó ń pa á ní aago méje alẹ́. Wákàtí 12, bíi ti Ọ̀fà.

Ọyẹ́ inú ilé yẹn ló tún ń bí kòkòrò kan tí ojú lásán kò fẹ́ẹ̀ rí, tó ń ta okùn bíi aláǹtakùn sábẹ́ ewé. Ewé á kọ́kọ́ ní àmì wínníwínní bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo máa ń tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ewé, kí n gbo ewé náà pẹ́pẹ́pẹ́. Tí ohun tó bọ́ bá ń rìn, kì í ṣe eruku. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, kí a fi aṣọ nu abẹ́ ewé, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí ẹyin tó wà níbẹ̀ yóò máa pa. Àwọn kan ní kí a máa fín omi sí ewé lójoojúmọ́. Mo fín in tó oṣù kan. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń gbẹ, ara ògiri nìkan ló jàǹfààní rẹ̀, èébu dúdú hù níbẹ̀.

Èyí tí kò fún mi ní wàhálà rí ni ọ̀já ìkookò. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílé mọ̀ ọ́n, ewé gígùn tó dúró ṣánṣán, tó ní ìlà-ìlà lára. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló ń hù sí nílé wa, ewúrẹ́ kì í tilẹ̀ wò ó. Níbí, inú ṣọ́ọ̀bù tí iná ń tàn yanran ni mo ti bá a, £15. Mo ki owó bọ ọwọ́ wọn pẹ̀lú ìtìjú. Ní wíńtà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń bu omi sí kóró rẹ̀, kó kàn lọ́rinrin, mi ò ń fi omi sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti bí ọmọ méjì.

Peace lily yẹn, mi ò dà á nù tán. Mo gé gbogbo ohun tó ti rà kúrò, ó ku ọmọ kékeré kan nídìí rẹ̀ tó ní gbòǹgbò méjì tó ṣì le. Kóró amọ̀ kò bá a lára mu lọ́dún yẹn, mo gbé e padà sínú erùpẹ̀, mo fi í sí igun kíṣìnì. Ó ti yọ òdòdó lẹ́ẹ̀mejì. Kantíkantí náà ti padà wá sí ìdí rẹ̀, mo rí mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Bàbá àwọn ọmọ kò tíì rí wọn.